Eyín Tó Bọ́ Sínú Ẹ́ńjìnnì

Eyín àtọwọ́dá kan bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní Moníyà, láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ tí àwọn àgbà ń wí pé ẹni tó bá fẹ́ yọjú wo inú ihò, kó kọ́kọ́ pa ẹnu dé, tí ẹ sì rò pé ihò òkété ni wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Òkété kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Bàbá Látúndé ló ni ọkọ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ló ṣọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì tíì rí ẹni tí kò lè jalè. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ẹbí wọn fẹ́ yan Mọ́gàjí tuntun, olórí agboolé. Òun àti Ìyàndá, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, ni wọ́n ń du oyè náà. Kálukú wọn yóò dìde sọ̀rọ̀, nítorí ẹnu ni Mọ́gàjí fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Bàbá ń kú lójú ọ̀nà bí ẹni tí gìrì mú. Gásíkẹ́ẹ̀tì, bébà líle tó ń dí àlàfo láàárín ẹ́ńjìnnì àti irin tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ti gbó, Bàbá kò sì fẹ́ wọ ọ̀kadà lọ síbi oyè.

Sàláwù mẹkáníìkì kò kánjú. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì sílẹ̀, ó to sípánà lé e, ó mú ọ̀bẹ tí yóò fi ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, ó sì yọ bátìrì.

"Kí ló dé tí o yọ bátìrì?"

"Kó má baà gbaná ni, Bàbá."

"Àbí kí o lè gbé e lọ?"

"Ẹ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín."

Bàbá fi ẹsẹ̀ kan tẹ bátìrì mọ́lẹ̀. Sàláwù ní kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù. Bàbá ní òun mọ ìtumọ̀ ìyẹn: wọ́n fẹ́ kí oorun gbé òun lọ ni.

Nígbà tí Sàláwù tú irin afẹ́fẹ́ náà kúrò, àwọn ihò là sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì. Sàláwù mú àkísà mímọ́, ó fi dí wọn.

"Sàláwù! Kí lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

"N ò fi nǹkan kan pamọ́ o. Kí nọ́ọ̀tì má baà já sínú ẹ̀ ni. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ẹran tó bá ti ń rùn ni wọ́n ń fi aṣọ bò. Yọ ọ́!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní kí o yọ ọ́!"

Sàláwù yọ ọ́. Bàbá da orí bo ihò, ó di ojú kan. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn. Lójú Bàbá, ibi tó bá ṣókùnkùn, wọ́n ti jí nǹkan níbẹ̀ nìyẹn.

"Olè!" ló ké. Eyín iwájú rẹ̀, tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i lẹ́nu, bá ariwo jáde. Ó dún tín-ín lára irin, ó wọlé.

Sàláwù wo Bàbá. Bàbá wo Sàláwù.

"O ti gbé e!" Bàbá ń súfèé bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, àfi ká tú orí ẹ́ńjìnnì. Ó di Mọ́ńdè."

Bí Bàbá ṣe wọ ọ̀kadà lọ sí agboolé nìyẹn. Ó dìde láti sọ̀rọ̀, gbogbo gbólóhùn ló ń fọn bíi fèrè. Ajá ilé kejì sáré wọlé, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó ń retí.

Ìyá Àǹkẹ́, àgbà obìnrin ilé, fura. "Látúndé, ta ló gbá ọ lẹ́nu?"

"Kò sẹ́ni tó gbá mi. Inú ẹ́ńjìnnì ni eyín mi wà."

"Kí ni ẹnu rẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mo ń ṣọ́ olè ni, Ìyá."

"Olè wo ló ń gbé inú ẹ́ńjìnnì? Ẹ bá mi gbóòórùn ẹnu rẹ̀ wò."

Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Kò sí òórùn ọtí, ìyẹn gan-an ló wá dẹ́rù bà wọ́n.

"Ọmọ mi," ni Ìyá Àǹkẹ́ wí, "ẹni tó bá fẹ́ yọjú wo inú ihò, kó kọ́kọ́ pa ẹnu dé."

Ìyàndá ni wọ́n fi jẹ Mọ́gàjí. Sàláwù tú orí ẹ́ńjìnnì ní Mọ́ńdè, kò rí eyín kankan. Bàbá ní Sàláwù ti jí i.