Aṣọ Ìpò Lórí Ọkọ̀ Kẹrosíìnì

Ewúrẹ́ jẹ àsíá pupa ọkọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí òyìnbó ń bọ̀ wá yẹ ọkọ̀ wò.

Kì í ṣe pé ó bù ú jẹ díẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wá ń wo bàbá mi lójú bí ẹni tó ń béèrè èyí tó kù. Bàbá mi ní ewúrẹ́ dúdú ni. Josiah atukọ̀ ní funfun ni. Mo kọ méjèèjì sílẹ̀.

Ọdún 1954 ni, nínú oṣù kejì, ní èbúté Lọ́kọ́ja. Lájídé, bàbá mi, ọmọ Kàbà, ni olùṣọ́ ọkọ̀ ẹrù kan tó ń gbé kẹrosíìnì lọ sókè odò Ọya. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ní àwọn yóò fi dán an wò, ọjọ́ yẹn ló sì pé. Bí òyìnbó bá rí i pé ọkọ̀ ń pa òfin mọ́, bàbá mi gba ìwé iṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di Kàbà.

Ìwé yẹn gan-an ni Ọlábímtán, àgbẹ̀ oníṣu ará Odo-Ape ní Bùnù, fẹ́ fojú rí kó tó fún un ní Rhoda ọmọ rẹ̀.

Òfin ọkọ̀ kò ṣòro. Bí wọ́n bá ń kó kẹrosíìnì, àsíá pupa gbọ́dọ̀ wà lókè, kí ẹnikẹ́ni má baà mú iná súnmọ́ ibẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ títí àgbá ìkẹyìn yóò fi wọlé.

Bàbá mi ṣí àpótí rẹ̀. Ohun pupa kan ṣoṣo ló bá níbẹ̀: aṣọ ìpò tí ìyá rẹ̀ fi rán an sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìpò ni àwọn Bùnù ń ta síwájú ilé bí èèyàn ńlá bá kú. Bàbá mi mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ta ni yóò dá a mọ̀ ní Lọ́kọ́ja?

Ó ta á sórí òpó. Fẹ̀ẹ̀ẹ̀!

Ọjọ́ ọjà ni. Ìdajì Bùnù ló wà ní èbúté pẹ̀lú iṣu.

Wọn kò tíì yí àgbá kẹta wọlé tí ẹkún fi gba etí odò. Àwọn obìnrin tú gèlè. Ọdẹ mẹ́fà dé pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n ti ki ẹ̀tù sí, torí òkú ńlá kì í lọ láìyìnbọn. Aṣọ tí wọ́n ta láti lé iná ló lọ pe ìbọn wá.

Ta ló ṣáájú wọn wọ inú ọkọ̀? Ọlábímtán.

"Okun o, Lájídé."

"Okun, bàbá."

"Ta ló kú?"

Bàbá mi wẹ̀yìn. Òyìnbó ti dé, ó ń ka àgbá. Bí bàbá mi bá sọ aṣọ kalẹ̀, ìwé lọ. Bí ó bá ní kò sẹ́ni tó kú, ó di ẹni tó ta ìpò láìsí òkú, Rhoda náà lọ nìyẹn.

"Ọ̀gá Josiah ni, atukọ̀ wa."

Josiah, ará Iffe ní Ìjùmú, wà nínú yàrá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń sùn. Hòòò-fíì. Hòòò-fíì.

"Kí ló ń dún yẹn?"

"Ẹ̀rọ ọkọ̀ ni, bàbá."

"Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ gbé ìbọn sókè."

"Rárá, bàbá. Ó sọ̀rọ̀ kó tó kú. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má mú iná dé ibi òkú òun. Ìbọn o, tábà o, ààrò o."

"Òkú wo ni kì í fẹ́ ìbọn?"

"Ará Iffe ni, bàbá."

Ọlábímtán mi orí. "Àwọn Ìjùmú."

Ló bá yọ ìkòkò tábà lẹ́nu ara rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n sódò. Ó rán àwọn ọdẹ lọ da omi sí ààrò alákàrà. Ṣùùù! Wọ́n gba sìgá lẹ́nu ọlọ́pàá. Wọ́n pa fìtílà ẹni tó ń jó irin.

Òyìnbó gbójú sókè. Igba èèyàn, kò sí èéfín kan.

"Ta ló kọ́ àwọn wọ̀nyí ní òfin?"

"Èmi ni, sà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àgbá ìkẹyìn wọlé. Gbìì! Ariwo rẹ̀ jí òkú. Josiah jáde sí gbangba, ó da aṣọ ibùsùn funfun bora, ó ń họ ikùn.

"Ta ló jẹ ẹ̀wà mi?"

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Gbì-gbì-gbì! Ọdẹ ju ìbọn nù. Alágbàrù fò láti orí ọkọ̀, gbàmù. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ó ku òyìnbó, bàbá mi àti òkú.

Òyìnbó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé rẹ̀: ìdánrawò bí èèyàn ṣe ń sá kúrò nínú ọkọ̀ tí ewu bá dé. Ó kọ ọ́ pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ lórí Ọya, òun kò rí èyí tó yá tó báyìí. Ó fọwọ́ sí ìwé bàbá mi níbẹ̀.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ohùn kan láàárín ọkọ̀ àti etí odò. Ọlábímtán ni, òun náà ti fò sómi. Kò mọ omi wẹ̀. Bàbá mi gbé òrùka ńlá tí kì í rì, ó na ọrùn.

"Ju nǹkan yẹn sí mi, Lájídé."

"Mo ti gba ìwé iṣẹ́, bàbá."

"Mo gbọ́."

"Rhoda ńkọ́?"

"Mú un."

"Kí ni ẹ ó gbà ní owó orí rẹ̀?"

"Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn."

Bàbá mi jù ú sí i. Ọlábímtán dì í mú, ó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó dìde dúró. Omi dé ìdajì itan rẹ̀.

Bàbá mi ká ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sápò. Òun ló ń wọn bí omi ibẹ̀ ṣe jìn tó láràárọ̀.