Tábìlì Ọlọ́gàá Mẹ́ta

Ẹjọ́ kan dé ààfin lánàá, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé, nítorí pé tábìlì ni. Wọ́n ń mí hẹlẹ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Kábíyèsí. Pátákó rẹ̀ nípọn bí ìpìlẹ̀ ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ga tó bàtà òjò, ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán, kò sì tíì gbẹ.

Ìyá Oníṣọ́ọ̀bù ló pẹjọ́. Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló fi ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú ọ̀gá mẹ́ta tó ń darí iṣẹ́: Kíákíá tó ń gé igi, Gbọin-gbọin tó ń kàn án, àti Dídán tó ń kùn ún lọ́dà. Obìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú Kábíyèsí.

"Kábíyèsí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ló ní ká ṣe tábìlì kan wá káwọn wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ogójì ló tún kù tá a máa ṣe. Ọ̀túnla ni wọ́n ń bọ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, mo máa ti ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi pa ni. Ẹ wá wo nǹkan tí wọ́n ṣe fún mi."

Kábíyèsí yíjú sí Kíákíá. "Kí ló dé tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi kúrú báyìí?"

"Kíṣẹ́ tètè parí ni, Kábíyèsí. Ẹsẹ̀ kúkúrú kì í pẹ́ gé."

"Gbọin-gbọin, pátákó yìí ńkọ́?"

"Kó lè lálòpẹ́ ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ náà bá wó, tábìlì yìí ò ní mira."

"Àwọn ọmọ tó jókòó sídìí ẹ̀ ńkọ́?"

"Kí wọ́n sá sábẹ́ ẹ̀."

"Abẹ́ wo?" ni ìjòyè kan bi í.

Gbọin-gbọin wo abẹ́ tábìlì, ó sì wo Kíákíá.

Dídán ò dúró kí wọ́n bi òun. "Èmi ṣe tèmi o. Ìgbà méje ni mo kùn ún kó lè rẹwà. Tí wọ́n bá fún mi lọ́sẹ̀ kan sí i, mo ṣì máa kùn ún."

"Ṣé ẹ kì í ṣèpàdé ni?" ni Kábíyèsí bi wọ́n.

"Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè," ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn pa pọ̀.

Wọ́n pe akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù kó wá jẹ́rìí. Ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ó wà níbí, Kábíyèsí: 'Gbogbo wa fẹnu kò.'"

"Lórí kí ni?"

"Wọn ò sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n inú gbogbo wa dùn."

"Irọ́ ni," ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, tó tẹ̀ lé wọn wá, wí. "Ara ń kán wọn ni. Wọ́n kàn ń mi orí bí alángbá."

Kábíyèsí wá kọjú sí ẹni tó pẹjọ́ gan-an. "Ìyá, kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n ṣe é dáadáa."

"Dáadáa báwo?"

Ojú ti obìnrin náà. Látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, torí ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ sọ pé òun fẹ́ kọ́ káfíńtà níṣẹ́.

"Ẹ̀yin ọ̀gá mẹ́ta, ẹ gbé e rù," ni Kábíyèsí wí. "Ìyá, gun orí ẹ̀, kó o jókòó. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ."

"Kábíyèsí, ọ̀dà ò tíì gbẹ," ni Dídán wí.

"Bọ́ ẹ̀wù rẹ, kó o tẹ́ ẹ fún un."

Wọ́n gbé e. Pátákó bo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú. Bí wọ́n ṣe dé ẹnubodè ààfin, Kíákíá fẹ́ gba ọ̀nà àbùjá, Gbọin-gbọin fẹ́ gba títì olókùúta, Dídán yà síbi tí òdòdó wà. Tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Ìyá di etí pátákó mú, àwọn ìjòyè ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Kíákíá wí lábẹ́ pátákó, "níbo là ń lọ gan-an?"

Lókè níbẹ̀, obìnrin náà nìkan ló rí ọ̀nà. Ó tún ìjókòó ṣe.

"Ṣọ́ọ̀bù là ń lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Bá a bá débẹ̀, a máa tú u palẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló máa jókòó sídìí ẹ̀: kí ìgúnpá ẹ̀ tó o, kó sì lè fúnra ẹ̀ sún un. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kó tó di ọ̀túnla. Kíákíá, kí ni mo wí?"

"Ọ̀tún. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Kí ìgúnpá ẹ̀ tó o."

"Dídán?"

"Kó gbẹ kó tó di ọ̀túnla, Ìyá."

"Gbọin-gbọin?"

"Ó yé mi, Ìyá."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó yé ọ. Kí ni mo wí?"