Màmá Ẹ̀bùnlọlá Nu Ojú Kọ̀ǹpútà

Òróró àkàrà ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Lọ́dún 2009, ọ̀rẹ́ mi Ọláìtán ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà tuntun tí ṣọ́ọ̀ṣì wa rà ní Festac. Kò ní kíbọ́ọ̀dù o. Ìka ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ọmọ ìjọ wà lójú ẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù kéékèèké, orúkọ kálukú lára tiẹ̀. Fi ìka méjì fún un pọ̀, á ṣa àwọn tí o ò fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fi ìka yí àwọn tí o fẹ́ ká, á mú wọn. Tẹ bọ́tìnnì pupa báyìí, fíìn! Tẹ́ẹ̀sì ti dé fóònù wọn.

Ni Màmá Ẹ̀bùnlọlá bá wọlé lọ́sàn-án Sátidé, àkàrà tó rà ní Àgbojú lọ́wọ́. Opó ni. Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, kò tíì mú ọkùnrin kankan wálé. Màmá ní kí Ọláìtán bá òun wá ọkọ fún un nínú kọ̀ǹpútà: kó má tíì níyàwó, kó níṣẹ́ lọ́wọ́, kó má sì gbé kọjá Apple Junction, kí ọmọ òun má baà jìnnà sóun.

Ọláìtán kọ̀. Màmá fún un lákàrà. Ọláìtán gbà.

Ó fún un pọ̀, ó fún un pọ̀, ó ku ọkùnrin mẹ́rin. Ó yí wọn ká. Màmá pe ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì fún un: “Lọ́la lẹ́yìn ìsìn, wá jẹun nílé Màmá Ẹ̀bùnlọlá. Ìyàwó rẹ ń dúró dè ọ́.”

Kó tó fi ránṣẹ́, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ níta, pú-pù-pú. Ọláìtán sáré lọ wò ó.

Màmá ní kóun fọwọ́ kan orúkọ àwọn àna òun díẹ̀. Òróró ta sójú kọ̀ǹpútà, ó di bàìbàì. Màmá fa etí ìró yọ, ló bá ń nù ún. Wàì! Wàì! Yípo-yípo. Bó ṣe ń nù ún ni kọ̀ǹpútà ń kó ọmọ ìjọ mọ́ àwọn mẹ́rin yẹn, tí kò fi ku ẹnì kan.

Ó wá nu bọ́tìnnì pupa.

Fíìn!

Ẹ̀rín ń pa mí!

Lọ́jọ́ kejì, èrò kún láti géètì màmá dé títì. Fọláyan gbé abọ́ tiẹ̀ wá láti Abúlé Adó. Ìyàwó Bíọ́dún di ọkọ ẹ̀ ní kọ́là mú, ó ní kó fi ìyàwó tó ń dúró dè é han òun. Àǹtí Níyìọlá, alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ní òun náà gba tẹ́ẹ̀sì, níbo ni ìyàwó tòun wà? Àwọn mẹ́rin tí wọ́n torí wọn se ìrẹsì yọjú, wọ́n rí èrò, wọ́n ṣẹ́rí padà.

Ìgbà náà ni Bàbá Akíntáyọ̀ dé. Kọ́sítọ́ọ̀mù tó ti fẹ̀yìn tì ni, ìyàwó ẹ̀ ti kú tipẹ́. Ó wọ kóòtù funfun, ó rọra ń gba àárín èrò kọjá, fóònù lọ́wọ́. Màmá ń ti kíṣìnnì bọ̀, òógùn bò ó, ṣíbí ìrẹsì lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá wo fóònù. Ó wo màmá. Ó ṣí fìlà.

“Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ṣé ẹ ti ń dúró dè mí tipẹ́?”

Màmá lanu kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ òróró. Ó tún wo bàbá látòkè délẹ̀.

“Ẹ wọlé,” ló wí. “Oúnjẹ ti ń tutù.”

Ní Disẹ́ńbà, Ẹ̀bùnlọlá ló di ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ mú dé iwájú pẹpẹ, ó fà á fọ́kọ.