Ọlẹ̀ Kì í Ṣe Ọ̀lẹ

Yàrá kan nìyí tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí ọmọ màlúù kó tó di ọmọ. Àpótí ooru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, awò tó ń sọ kékeré di ńlá wà lórí tábìlì, lẹ́tà kan sì wà lábẹ́ awò náà. Ọ̀mọ̀wé, ọ̀gá yàrá, jókòó. Màmá Agbálẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀.

Gbogbo ọgbà ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù. Yàrá òṣìṣẹ́ ni Màmá àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ọgbà. Bí iṣẹ́ bá lọ, yàrá náà lọ nìyẹn. Ọ̀mọ̀wé ní tirẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún àgbà ní lẹ́tà ìdádúró, nítorí náà ó gba ọ̀nà sáyẹ́ǹsì. Ó sì ti pẹ́ nídálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ fi máa ń gba ipò ara wọn lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ ni mo pè yín sí."

Màmá kò jókòó. "Ọ̀gá, láti aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ mọ́kànlá ló wà nínú yàrá yìí báyìí."

Màmá wo àwọn àga, ó ń fi ìka kà. "Èèyàn mẹ́fà ni gbogbo wa, tí a bá ka ẹ̀yin náà mọ́ ọn."

"Inú àpótí yẹn ni wọ́n wà."

"Ẹ ti ọ̀lẹ mọ́ inú àpótí?"

"Ọjọ́ méje péré. Tó bá di ọjọ́ kẹjọ, a máa gbé wọn sínú màlúù."

Màmá fi ìgbálẹ̀ ti ògiri jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ọ̀gá, tí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé mi sínú màlúù."

Ó gba Ọ̀mọ̀wé ní àkókò kó tó yé e. Ó ní òun kò pe ẹnikẹ́ni ní aláìṣiṣẹ́. Èyí tó máa ń sọ nínú aboyún lòun ń wí.

"Ọlẹ̀," ni Màmá wí. "Ọlẹ̀ lẹ fẹ́ pè. Ẹ gbé ohùn sílẹ̀ níparí."

Ọ̀mọ̀wé gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bọ́ sí i. Ara Màmá wálẹ̀ díẹ̀, ó sì jókòó.

Ọ̀mọ̀wé wá ṣàlàyé pé hóró ara kan ṣoṣo ni màlúù fi ń bẹ̀rẹ̀. Hóró náà á pín sí méjì, méjì á di mẹ́rin, gbogbo wọn á sì jọra bí ìbejì. Kó tó di ọjọ́ keje, wọ́n á ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn.

"Àwọn tó wà nínú á di ọmọ," ó wí. "Àwọn tó wà níta á di ibi."

"Ọlọ́run má jẹ́ ká rí ibi."

"A gbọ́dọ̀ rí i, Màmá. Ibi ló ń bọ́ ọmọ. Tí wọ́n bá bí ọmọ tán, ibi á tẹ̀ lé e."

Màmá gbé ọwọ́ lé orí, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó mí kanlẹ̀. "Ẹ ò bá ti sọ pé ibi ọmọ. Mo bí márùn-ún, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun ló ń ṣe gbogbo làálàá, ọmọ nìkan ni wọ́n sì máa ń kí." Ó yíjú padà sí Ọ̀mọ̀wé. "Ta ló ń sọ fún wọn èyí tó máa di ọmọ, èyí tó máa di ibi ọmọ?"

"Jíìnì ló ń pàṣẹ."

"Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá. Jíìnì pàṣẹ nílé wa fún ọdún mẹ́tàdínlógún."

"Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu. Inú ẹ̀jẹ̀ ni tèmi wà."

"Inú ẹ̀jẹ̀ ni ti ọkọ mi náà wà."

Ọ̀mọ̀wé nu ojú. Ó ní kó fi í wé ìwé àṣẹ tí bàbá àti ìyá jọ kọ: gbogbo hóró ló ní ìwé náà lódindi, ṣùgbọ́n ojú ewé tó kan kálukú nìkan ló ń kà.

"Bí ìwé òfin ilé-iṣẹ́ yìí," ni Màmá wí. "Gbogbo wa la ní in, ojú ewé ìsinmi nìkan la sì ń kà."

Kò sí ọ̀nà sáyẹ́ǹsì mìíràn tó kù láti gbà. Ọ̀mọ̀wé fa lẹ́tà yọ lábẹ́ awò, ó nà án sí Màmá, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní àwọn aláṣẹ pàṣẹ kí yàrá kọ̀ọ̀kan yọ ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò hàn.

Màmá ka lẹ́tà náà títí dé ibi ìbuwọ́lù. Kò sunkún.

"Ọ̀gá, jíìnì tí ẹ ń wí yìí, báwo lẹ ṣe ń mọ iṣẹ́ rẹ̀? Ó ń sọ̀rọ̀ ni?"

Ojú Ọ̀mọ̀wé tàn. Ìbéèrè tó mọ ìdáhùn rẹ̀ nìyí. "A máa ń pa ọ̀kan lẹ́nu mọ́, ká wá wo ohun tó máa bàjẹ́. Ọ̀kan wà tó dà bíi pé kò wúlò. A pa á lẹ́nu mọ́, àwọn hóró tó yẹ kó di ọmọ ò sì mọ ara wọn mọ́."

"Ẹ ò kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i?"

"Sí jíìnì? Ẹ̀rí la máa ń kọ́kọ́ wá."

"Ẹ wá ẹ̀rí tèmi náà. Ẹ jẹ́ kí n dúró sílé fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Kí ló lè bàjẹ́, Màmá?"

"Ìwé tèmi ò jìn tó tiyín. Ta ni yóò máa bu omi sínú àpótí?"

"Àpótí ló ń bu omi fún ara rẹ̀. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tí mo tẹ̀ jáde."

"Ọwọ́ wo ló fi ń bù ú?"

Ọ̀mọ̀wé dìde, ó ṣí àpótí. Abọ́ omi kún dẹ́múdẹ́mú nísàlẹ̀. Ó béèrè ìgbà tí Màmá ti ń ṣe é. Màmá ní kí Ọ̀mọ̀wé tó dé ni, láti ọjọ́ tí omi gbẹ tí gbogbo ọlẹ̀ sì gbẹ tẹ̀ lé e.

"Ká má bàa ṣe ojúsàájú," Màmá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ rọ̀, "tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi á wọlé, ẹ̀yin á dúró sílé, ká wo ohun tó máa bàjẹ́. Tiyín ò tiẹ̀ ní le, ó ti mọ́ wa lára. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ lò ní ìpàdé lóṣù tó kọjá."

Ọ̀mọ̀wé gba lẹ́tà lọ́wọ́ Màmá, ó ya á sí méjì, ó ní òun á sọ fún àwọn aláṣẹ pé yàrá òun kò lẹ́ni yọ.

"Ẹ jẹ́ ká fi ìwádìí yẹn sílẹ̀, Màmá."

"Ẹ ò tíì rí èsì kankan, ọ̀gá."

"Mo ti rí ti ọ̀sẹ̀ kejì."