Àwọn Ọmọ Kíláàsì Bá Ìyá Aránṣọ Wá Ọkọ

Wọ́n bá Ìyá Aránṣọ wá ọkọ láìsọ fún un. Bẹ́ẹ̀ ọkọ rẹ̀ ò kú, wọn ò sì kọra wọn sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé ni bàbá náà wa ọkọ̀ ẹrù jáde, ó ní ó di Sátidé.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá pe ìyá náà láti ilé ìwé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ẹ máa bọ̀, mà. Àwọn ọkọ yín ti ń pọ̀."

"Àwọn kí ni?"

Gìrì, gìrì, gìrì! Téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi já wọ kíláàsì. Àgbà ọkùnrin méje ló há sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ọdún méjìlá, orúnkún wọn kan àgbọ̀n. Ọ̀kan tiẹ̀ ti ká fóòmù ibùsùn rẹ̀ dání!

Tíṣà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì.

"Mà, ọ̀nà tuntun la fi ń kọ́ wọn ní ìwé kíkọ. Kí wọ́n wá ìṣòro gidi ládùúgbò, kí wọ́n fi lẹ́tà yanjú ẹ̀. Tí kò bá yanjú, òdo ni wọ́n máa gbà!"

"Èwo wá ni tèmi níbẹ̀?"

Ọmọbìnrin kan dìde. "Ẹ̀yin nìṣòro tá a mú, mà. Ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan lẹ máa ń bá jà. Àánú yín ṣe wá, la bá kọ lẹ́tà wá ọkọ fún yín lọ́kọ̀ọ̀kan láìdárúkọ yín."

"Mo lọ́kọ nílé!"

"A ò rí wọn rí, mà!" Gbogbo kíláàsì ló dáhùn.

Oní-fóòmù ní, "Ẹ ka lẹ́tà yẹn sí wọn létí, bóyá wọ́n á gbà."

Ọmọ náà kà á: "Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo. Ẹ̀rín ló fi ń dá èèyàn lóhùn."

"TA NI KÌ Í PARIWO?"

Fèrèsé mì jìgìjìgì. Méjì nínú àwọn ọkọ náà gba ibẹ̀ bẹ́ jáde.

"Irọ́ burúkú lẹ kọ yìí!"

"Tíṣà ló ní ká kọ ohun tó máa fa òǹkàwé mọ́ra, mà."

Kó, kó, kó!

Ọkùnrin kan yọrí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti fá irùngbọ̀n jọ̀lọ̀, lọ́fíńdà ń ta sánsán, lẹ́tà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀dọ̀ obìnrin tí kì í pariwo nìyí?"

"Tíṣà, lẹ́tà tèmi nìyẹn!" ọmọ kan fò sókè.

Ìyá Aránṣọ wojú àlejò.

Yéèpà! Ó-di-Sátidé ni!

Ó rẹ ohùn sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ dá mi lóhùn. Ta lẹ wá fẹ́?"