Omi Tí Mo Bù Sí Yanrìn Yétúndé

Ọjọ́ Ẹtì kan wà tí mi ò ní gbàgbé láé, bí mo tilẹ̀ ń gbàgbé ibi tí mo fi awò ojú mi sí.

Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, Yétúndé ọmọ mi gbé àpótí gíláàsì kan wá sílé wa ní Thamesmead, ó fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́bàá fèrèsé. Yanrìn ni mo rí lókè, àti ìgò kékeré kan tó ń kán omi tó, tó, tó. Mo ní ọmọ òde òní, omi lásán náà ló ń ṣahun sí! Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi gbin irúgbìn tẹ̀tẹ̀ tí mo rà ní Woolwich. Inú mi dùn pé ó ti gbìn ín.

Mo bu ife omi kan sí i. Lọ́jọ́ kejì, kò hù. Mo bu méjì. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ìka lu ihò mẹ́ta kí omi lè ráyè wọlé.

Ní Ọjọ́ Ẹtì náà, Yétúndé ṣí aṣọ, ó pariwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí oró ṣe ń rìn nínú ilẹ̀ tí wọ́n ri ìdọ̀tí níúkílíà mọ́. Àwọ̀ pupa tó rì sínú yanrìn ló dúró fún oró náà, ó sì ti dé ẹ̀gbẹ́ kejì gíláàsì.

"Kọ̀ǹpútà ní kò lè dé ìdajì! Mo ti ṣi ìṣirò náà ṣe. Lọ́jọ́ Ajé ni mo fẹ́ fi han àwọn ọ̀gá mi, Mummy. Wọn ò ní fún mi níṣẹ́ tuntun tí mo béèrè fún mọ́."

"Yétúndé, ṣé tẹ̀tẹ̀ kọ́ ni?"

"Tẹ̀tẹ̀ kẹ̀? Mummy, kí lo ṣe?"

"Kí lẹ ṣe," mo bá a tún un sọ, mo wá jẹ́wọ́ pé mo ti ń fi ife bomi sí i. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiwọn!

Ó mí kanlẹ̀. "Ife mélòó?"

Olùkọ́ kì í fẹ̀yìn tì tán. Mo mú ìwé mi wá: ọjọ́, wákàtí, iye ife, títí kan ihò mẹ́ta. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ìlà tó yọ níbẹ̀ bá ti inú gíláàsì mu rẹ́gí.

Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé e lọ bó ṣe wà. Ó ní kí wọ́n má ṣírò òjò nìkan, kí wọ́n ṣírò ẹni tó máa gbé lórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ iwájú láìmọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n fún un níṣẹ́ náà.

"Wọ́n bi mí bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà," ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ní a jọ ń gbé ni."

Mo ti kọ́gbọ́n: mò ń béèrè kí n tó bomi. Ó ti gbin tẹ̀tẹ̀ mi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, ó lẹ ìwé mọ́ ọn: "Mummy, èyí ni kẹ́ ẹ máa bomi rin." Bí mo bá ti kà á, ẹ̀rín á pa mí. Síbẹ̀, mo ṣì máa ń béèrè.