Aláǹtakùn Ìyá Ursilla àti Àna Rẹ̀ Ará Georgetown

Ẹjọ́ kan gúnlẹ̀ síwájú Toshao lánàá, kí olórí abúlé wa náà tó fi nǹkan kan ẹnu. Ìyá Ursilla ló wọ́ Clement, ọkọ ọmọ rẹ̀ ará ìlú ńlá Georgetown, wá sábẹ́ àtíbàbà ìgbìmọ̀ létí odò, ó ní ó jí aláǹtakùn òun. Clement gbá ike bọ́tà ẹ̀pà kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ẹ̀sùn olè kọ́ ló ń bà á lẹ́rù. Marva ìyàwó rẹ̀ ti tú ibùsùn olókùn rẹ̀ láàárọ̀, ó ti kó o lọ sílé ìyá rẹ̀, ó ní ibi tí ẹjọ́ bá já sí ni òun máa dúró sí.

Ẹ má bá Clement wí púpọ̀. Ó ti ka gbogbo ohun tó wà lórí fóònù nípa irú aláǹtakùn orí igi tó yẹ kí ẹni tí kò sìn ín rí kọ́kọ́ mú. Àwa tí à ń sùn lábẹ́ wọn láti ayé ìyá ńlá wa, a ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní èyí tó yẹ àkọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀làjú dé.

Ìyá Ursilla kò fepo bọyọ̀. Àṣà wa ni pé kí ọkọ máa sin ìyá ìyàwó títí ìyá á fi ní ó tó. "Mo rán an gun òrùlé kó lọ dí ibi tó ń jò. Aláǹtakùn ló gbé sọ̀kalẹ̀, òjò ṣì ń rọ̀ sórí ààrò mi. Aáyán tí ẹranko yẹn ń bá mi jẹ ti di púpọ̀, àwọn ló ń kọ́kọ́ tọ́ búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ mi wò. Toshao, mo fún un lọ́mọ. Ṣé kò tó o ni?"

Toshao Aubrey bi Clement pé ṣé aláǹtakùn tán nínú igbó ni.

"Ti igbó ò mọ èèyàn, Bàbá. Oníwà pẹ̀lẹ́ ló yẹ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Mo yẹ gbogbo òrùlé wò. Ti ilé ìjọsìn yàgbẹ́ sí mi lójú. Ti Bọ̀dá Ignatius, ẹ̀yìn rẹ̀ ti pá."

"Ti Ìyá yìí ńkọ́?"

"Ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹni lé làálì. Mo na ọwọ́, ó rọra gun orí rẹ̀. Bàbá, láti ìgbà tí mo ti wọ ilé àna mi, òun nìkan ló kí mi."

Ìyá Ursilla yíjú sí odò.

Wọ́n pe Ignatius, aládùúgbò, jẹ́rìí. Ó ní ojú òun kòrókòró ni Clement ṣe di ẹranko náà mú lẹ́sẹ̀, tó fà á tu.

"Níbo lo wà?"

"Lórí ibùsùn mi."

"Ojú rẹ là?"

"Ọ̀kan là, Bàbá."

Nígbà tí wọ́n fún un mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ní ká sòótọ́, òun gan-an ló ni aláǹtakùn náà, ilé òun ló ti sọdá lákòókò òjò. Toshao ní èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pá ńkọ́. Ó ní méjì ni òun ní. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí Clement wá yẹ òrùlé rẹ̀ wò, ó búra pé òun kì í wo àjà.

Marva ló kàn. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè.

"Ẹni tó ń gbé òkè, ó dé e pa mọ́nú ike. Ó ń bomi rin ín bí ẹ̀fọ́. Láràárọ̀ ló ń bi í bóyá ó sùn dáadáa. Kò bi èmi rí."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Clement ju gbogbo ẹjọ́ lọ.

Toshao ní kó ṣí ike. "Ìwọ ti yàn án. Jẹ́ kí òun náà yàn."

Aláǹtakùn yọ, ó gun apá Clement. Clement rẹ́rìn-ín. Ó gun èjìká, ó gun orí, ó dúró díẹ̀, ló bá fò mọ́ òpó àtíbàbà, ó sì wọ inú imọ̀ ọ̀pẹ lọ. Àkàbà ló fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

Toshao ní ó ti di ọmọ ìgbìmọ̀ nìyẹn, kò sì ní ṣàìwúlò ju àwọn kan lọ. Ó wá dájọ́.

"Ìyá Ursilla ò ní amú-aáyán mọ́. Clement, kó ẹrù rẹ lọ sílé rẹ̀ lónìí. Dí ibi tó ń jò. Ọwọ́ lásán ni wàá máa fi mú aáyán, títí aláǹtakùn mìíràn á fi fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ìyá, ẹ̀yin náà, ẹ máa kí i láràárọ̀."

Ìyá Ursilla ronú sí i. "Tó bá mú wọn tán, kí ló máa fi wọ́n ṣe?"

"Kí ni èyí tó lọ ń fi wọ́n ṣe?"

"Ó ń jẹ wọ́n ni."

Toshao ti dìde. Ó ní òun kò rò pé ó yẹ kí òun tún ẹjọ́ kan dá lẹ́ẹ̀mejì, oúnjẹ òun ń tutù.

Clement la ẹnu, kò lè pa á dé. Marva, tí kò wo ojú rẹ̀ láti àárọ̀, wá gba ike òfìfo lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó má ṣèyọnu, òun á bá a fi ata sí àwọn aáyán náà.